Irin Tí Ń Sán Lábẹ́ Ilẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráàyè wọ ibẹ̀. Òwe ilé ni, ṣùgbọ́n ó bá irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀ mu pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1965, ọ̀pá gáàsì kan bẹ́ nítòsí Natchitoches, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 17 ló kú. Ìwádìí fi hàn pé irin náà ti ń sán díẹ̀díẹ̀ kí ó tó bẹ́.

Ohun mẹ́ta ní í pàdé kí irin tó sán báyìí. Èkíní ni irú irin tó lè sán. Èkejì ni agbára tó ń fà á, nítorí gáàsì tàbí epo inú ọ̀pá ń ti ara irin síta tọ̀sán-tòru. Ẹ̀kẹta ni omi inú ilẹ̀ àti ohun tó yòrò sínú rẹ̀. Ààrò mẹ́ta ni wọ́n: bí a bá yọ ọ̀kan, ìkòkò kò ní jókòó.

Nítorí náà ni a ṣe ń fi rọ́bà tàbí ọ̀dà bo ọ̀pá, tí a sì ń fi iná mànàmáná díẹ̀ dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ṣí lára irin láìya, omi a wọ abẹ́ rẹ̀, rọ́bà yẹn kan náà a sì dínà mọ́ iná tó yẹ kó gba irin là. Aṣọ a wá di ibi ìsápamọ́ fún àrùn. Kánádà rí èyí lára ọ̀pá gáàsì tirẹ̀ ní 1985. Ojú sísán náà tínrín ju irun lọ; wọ́n a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ilà ojú, títí wọn a fi papọ̀ di ọ̀kan gígùn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀pá epo rọ̀bì tó ti Agadem ní Niger wá sí Sèmè, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2000, gba abẹ́ ilẹ̀ Benin kọjá. Ní 2024 ni epo rẹ̀ kọ́kọ́ dé etíkun. N kò sọ pé ó ń sán, tuntun ni. Ṣùgbọ́n àrùn yìí a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fara hàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sì lè tètè rí i: ẹni tó ń rán ẹ̀rọ ayẹ̀wò gba inú ọ̀pá, tó ń fi agbára omi dán irin wò, tó ń hú ilẹ̀ láti wo ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí irin náà bá dàgbà, ẹ̀yin náà yóò ti dàgbà. Bí a kò bá fi físíìkì àti kẹ́místrì sọ́kàn lónìí, àlejò ni yóò máa sọ fún wa lọ́la bóyá ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ṣì dára.