Ta Ni Yóò Sin Àgùnbánirọ̀ Dé Ibùdó?

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń retí ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, ẹ fetí sí mi díẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n pín ọmọbìnrin mi sí. Ìyá rẹ̀ ní òun kò ní í lè sùn bí ọmọ náà bá dá rin ọ̀nà yẹn. Ni mo bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a wọ bọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ní ìdájí. Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin. Kí a tó dé Jẹ́bà, ọmọ mi ti bá mi sọ̀rọ̀ ju gbogbo èyí tó bá mi sọ ní ọdún mẹ́rin tó fi wà ní yunifásítì lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Nílé, bí kì í bá ṣe èmi àti fáìlì ọ́fíìsì, èmi àti ìpàdé ìjọ ni.

Ní Jẹ́bà mo fi Odò Ọya hàn án. Mo sọ fún un pé ìtòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi Dayspring ti fọ́ mọ́ àpáta ní 1857, tí Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ náà wá, ọdún méje kó tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Dádì, ẹ ò sọ èyí fún wa rí." Èmi náà kò mọ ìdí tí n kò fi sọ ọ́.

Nítorí náà n kò sí lára àwọn tó ní kí ìjọba fagi lé ètò àgùnbánirọ̀. Ní 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ọmọ Yorùbá lè mọ Tápà, kí ọmọ Ìgbò lè mọ Haúsá. Ìdí yẹn ṣì dára. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìjọba pàṣẹ pé kí ọmọ lọ, ó wá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àpò òbí. Ẹni tó lówó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí kò ní, gáréèjì ló ń gbà lọ.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn wa nínú bọ́ọ̀sì náà, òun nìkan, ibùdó kan náà ló ń lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀fọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tà, kò sì lè fi ọjà sílẹ̀. Láti Ìlọrin ló ti ń pè mí ní Dádì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà. Dírẹ́bà a na ọwọ́, wọn a gbà á, a ó kọjá. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ. (Èmi pásítọ̀ sì jókòó síbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan.) Lẹ́yìn Mokwa, ọmọ mi rọra bi mí pé, "Dádì, ká ní ẹ ò wá ńkọ́, ta ni ọmọ yìí ì bá sún mọ́?"

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2023. Àwọn mẹ́jọ tó ń ti Uyo lọ sí ibùdó ní Sókótó bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé ní Zamfara. Ó tó bí ọdún kan kí ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn tó jáde. Àjọ náà máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má rin òru. Ó dára, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Láti Uyo dé Sókótó, ta ló lè rìn ín tán kí ilẹ̀ tó ṣú?

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó láti mọ̀ pé èyí kò ju agbára wọn lọ. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ ibi tó ń lọ, wọ́n mọ ọjọ́. Kí wọ́n kó wọn jọ ní olú ìlú ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ̀, kí ẹ̀ṣọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ wọn, kí wọ́n pèsè ibi tí wọn yóò sùn bí ọ̀nà bá jìn. Wọn yóò ní owó kò sí. Owó ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀lé àwọn ọ̀gá wa lọ síbi ìgbéyàwó ńkọ́, níbo ló ti ń wá?

Mo ti kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìdàpọ̀ wa. Ẹ wá fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìsìn, àní ẹ̀yin tí ọmọ yín ti sin ìlú tán. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti fọwọ́ sí tirẹ̀.