Ìyanṣẹ́lódì 1945: Ta Ló Dá A Sílẹ̀?

Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ọdún 1945 ní Nàìjíríà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olóṣèlú, bí àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn yìí ṣe sọ. Ọ̀wọ́ngógó ìgbà ogun ló bí i. Oúnjẹ ń gbówó lórí, owó iṣẹ́ dúró sójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní kí ìjọba amúnisìn fi ìdá 50 nínú 100 kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́ngógó. Ìjọba kọ̀. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan tilẹ̀ fẹ́ sún ọjọ́ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò gbà. Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìhámọ́ dé ní oṣù June ọdún yẹn kan náà, sì wà lẹ́yìn wọn. Rélùwéè àti ilé ìfìwéránṣẹ́ dá wáí fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet, àmọ́ kò pa ohùn òṣìṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Tudor Davies tí ìjọba yàn ló wá fọwọ́ sí àfikún náà. Owó ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe ìjà tí òṣìṣẹ́ fi borí ìjọba ní ọ̀rọ̀ owó lásán?

Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò ni agbára òṣìṣẹ́ yìí ò ti dán mọ́rán. Ní June 1964, ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ 13 mú kí ìjọba Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, jókòó bá òṣìṣẹ́ dúnàá-dúrà. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ dé ní December, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀yà kálukú wọn ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dìbò fún.