Iyọ̀ Lára Bàtà, Yorùbá Lẹ́nu

Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí máa ń sọ pé Yorùbá dára fún òwe àti oríkì, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìlú òtútù, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù. Èmi kò gbà. Ẹ jẹ́ ká fi iyọ̀ dán an wò.

Ní Toronto àti Chicago, bí yìnyín bá bo títì, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i, torí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Omi yìí ló ń wọ inú bàtà búùtù aláwọ. Bó bá gbẹ, iyọ̀ á hàn lára rẹ̀ ní funfun bí ẹfun, awọ á gan, nígbà tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìdáná. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn ìdọ̀tí kúrò. Ẹ po fíníga funfun ife kan mọ́ omi ife méjì, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tó fara pamọ́ lára bàtà náà. Ẹ ki aṣọ rírọ̀ bọ inú rẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ rọra fi nu ojú ibi tó funfun. Ẹ tún fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi lásán nù ún. Ẹ ki bébà sínú bàtà, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìpara bàtà pa á kí awọ lè rọ̀ padà.

Kí ni Yorùbá kò lè sọ níbẹ̀? Lóòótọ́, a yá búùtù, búrọ́ọ̀ṣì àti fíníga. Ṣùgbọ́n òfin ìró tiwa ni wọ́n ń tẹ̀ lé: a kò ní v, f ló rọ́pò rẹ̀, kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù wa, fáwẹ̀lì ló gbẹ̀yìn búùtù. Yíyá ọ̀rọ̀ kì í pa èdè. Ohun tó ń pa á ni kí ẹni tó gbọ́ ọ má fi ṣàlàyé ohun tó ń fọwọ́ ṣe lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà nílùú òtútù, ẹni iwájú tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì wa ló ń múra láti wá bá yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá.