Láílọ́ọ̀nù Kì í Ṣe Ara Ẹbọ



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí yóò dun àwọn kan, àwọn awo ẹgbẹ́ mi sì wà nínú wọn. Bí mo bá gba etí odò Olúwa kọjá ní Agbabu níhìn-ín lówùúrọ̀, mo máa ń rí ẹbọ tí a dì sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, tí ó há sí gbòǹgbò igi. Ẹni tí ó rú u ti lọ sílé, ó gbà pé ẹbọ òun ti fín. Báwo ni ohun tí omi kò fẹnu kàn yóò ṣe fín?

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́fá, inú igbá àti ewé ni ojúgbọ́nà mi ń gbé ẹbọ sí. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹrà: ẹja jẹ nínú rẹ̀, ilẹ̀ gba ìyókù. Láílọ́ọ̀nù kì í jẹrà. Odù wo ni ó kà á mọ́ ohun ẹbọ? Kí awo tí ó bá mọ̀ ọ́n kì í fún wa gbọ́.

Nínú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá, Ifá sọ bí àwọn Irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ṣe wá tún ayé ṣe, tí wọn kò ka Ọ̀ṣun, ẹni kẹtàdínlógún, sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni ó bàjẹ́, títí Olódùmarè fi ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Wọn kò bá a jà o. Àìkàsí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ilé tí ó ń da ìdọ̀tí sódò, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń dá.

Ẹ wo Òṣogbo. Ní ọdún 2005 ni UNESCO ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Àwọn tí ń wa góòlù ni a di ẹ̀bi náà rù.

Ẹnìkan yóò wí pé: “Bàbá, ẹ bá ìjọba àti awakùsà wí, ẹ fi wá sílẹ̀. Ṣebí ọ̀dà ti ń sun láti inú ilẹ̀ Agbabu kí a tó bí wa?” Òótọ́ ni, ọ̀dà yìí ni òyìnbó wá gbẹ́lẹ̀ wò níhìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà fúnra rẹ̀ ni ó sun. Ọwọ́ wa ni ó ju láílọ́ọ̀nù. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹnu wo ni a ó fi pe awakùsà lẹ́jọ́, nígbà tí ìdọ̀tí ilé wa ń léfòó níwájú rẹ̀? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Ẹ kó ewé àti èèpo oúnjẹ lọ sóko. Kí láílọ́ọ̀nù àti ike má dé etí omi. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, ẹ má fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn lódò. Ẹ pọn omi lọ fọ̀ ọ́ lóko, níbi tí ó jìnnà sódò. Ẹni tí ó da Gammalin sómi láti pa ẹja, ọmọ ọlọ́mọ tí ń mu omi náà nísàlẹ̀ ni ó ń pa. Ọ́ìlì dúdú láti inú ẹ́ńjìnì, ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wó ilé ìgbẹ́ tí ó dojú kọ omi, ẹ gbẹ́ ṣáláńgá sórí ilẹ̀.

Ní tèmi, ẹni tí ó bá gbé ẹbọ wá nínú láílọ́ọ̀nù, mo ń dá a padà kí ó lọ wá igbá. Àwọn kan ti torí rẹ̀ fi mí sílẹ̀ lọ bá awo mìíràn. Mo fara mọ́ ọn. A máa ń wí pé omi kò lọ́tàá; ẹ má jẹ́ kí àwa tí a ń kúnlẹ̀ fún un di ọ̀tá rẹ̀.