Ẹ má dá ìka lẹ́bi, fóònù ni kí ẹ tún ṣe

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kambolé fẹ́ fi 25,000 sẹfà ránṣẹ́ lórí fóònù sí ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Sokodé. Nínú nọ́ńbà mẹ́jọ tó yẹ kó tẹ̀, ẹyọ kan ló ṣì tẹ̀: 6 dípò 9. Owó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Kó tó gun alùpùpù dé Tchamba, kó tó wọkọ̀ dé Sokodé lọ fẹjọ́ sùn, onítọ̀hún ti ná an. Èsì tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fún un ni pé: "Màmá, ẹ máa wo nọ́ńbà dáadáa."

Èmi ò fara mọ́ èsì yẹn. Fóònù béèrè bóyá ó dá màmá lójú lóòótọ́, àmọ́ èdè Faransé tí wọn ò lè kà ló fi béèrè. Wọ́n tẹ 1 bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìbéèrè tí kò yé ẹni tí à ń bi kì í ṣe ìbéèrè.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó ń wa bàálù B-17 a máa ṣèèṣì ká ẹsẹ̀ bàálù wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀. Alphonse Chapanis ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ àtèyí tí wọ́n fi ń darí ìyẹ́ jọra, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn. Ó ní kí wọ́n fi ohun tó rí bíi táyà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, kí ọwọ́ lè dá a mọ̀. Títí dòní, bó ṣe ń rí nìyẹn nínú bàálù.

Ohun tí mò ń béèrè kò ju ìyẹn lọ. Kí fóònù fi ohùn pe orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà kó tó gba nọ́ńbà àṣírí: ní Yorùbá tiwa ní Kambolé, ní Akaselem ní Tchamba, ní Kotokoli ní Sokodé. Bí a kò bá tíì fowó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà rí, kí ó ní ká tún un tẹ̀. Kí ààyè ìṣẹ́jú díẹ̀ sì wà láti dá owó dúró.

Àwọn kan á ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ṣé ìṣẹ́jú díẹ̀ le ju ìrìn àjò Sokodé lọ?

Ẹ̀yin ARCEP àti BCEAO tí ẹ̀ ń bójú tó iṣẹ́ yìí, ẹ sọ ọ́ di dandan. Màmá ò ní padà sílé ìwé mọ́. Fóònù ló lè kọ́ èdè màmá.