Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Sá Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́



Ìwà kan ti ń di àṣà láàárín wa, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ máa wò ó níran. Bí òṣìṣẹ́ bá rí iṣẹ́ tí ó sàn ju èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, yóò dákẹ́ títí owó oṣù yóò fi wọlé. Ní ọjọ́ kejì, a kò ní rí i mọ́. Kò kọ ìwé, kò dágbére, kò dá kọ́kọ́rọ́ padà. (Àwọn mìíràn a ní ìyá àgbà ni ó ń ṣàìsàn nílé, ìyá àgbà tí a ti bá wọn sin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.) Bí a bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè, èsì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ọ̀gá máa ń fún àwa ní nótíìsì kí ó tó lé wa ni?"

A kò ní kí ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ máà bínú. Ojú òṣìṣẹ́ ti rí màbo. Òmíràn ti dé ẹnu géètì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì bá orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri láàárín àwọn tí a ti já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì náà kò tọ̀nà.

Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1974 kò di nótíìsì lé òṣìṣẹ́ nìkan lórí. Abala 11 rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tí ó bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ẹnì kejì létí. Bí iṣẹ́ kò bá tíì ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1 ni; bí ó bá ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1 ni; bí ó bá pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2 ni; láti ọdún 5 sókè, oṣù 1 ni. Nótíìsì tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ 1 gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni èyí kàn. Àdéhùn tí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí ni yóò sọ tiwọn.

Okùn kan náà ni ó so agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ pọ̀. Bí àwa bá ń já a láti ọ̀dọ̀ tiwa, kí ni a ó dì mú ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá já a láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀? Bí ẹgbẹ́ bá lọ bá ilé iṣẹ́ jà nítorí àwọn tí a lé láìsí nótíìsì, ìwé orúkọ àwọn tí ó sá lọ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú wa. Ẹnu akọ̀wé ẹ̀ka yóò sì wọhò.

Ta ni ó tilẹ̀ ń jìyà rẹ̀? Kì í ṣe ọ̀gá. Ẹlẹgbẹ́ tí ó ti ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, tí ó ń wọ̀nà fún ẹni tí yóò gba ṣíìfù lọ́wọ́ rẹ̀, ni a ó sọ fún pé kí ó dúró di ìrọ̀lẹ́. Ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánò, ìbáà ṣe awakọ̀ ní Àbá tàbí ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní Ìkejà, bákan náà ni. Ẹni tí ó sá rò pé ọ̀gá ni òun nà. Ẹ̀yìn arákùnrin rẹ̀ ni pàṣán bà. Agbanisíṣẹ́ sì lè pè é lẹ́jọ́ láti gba owó dípò nótíìsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí agbanisíṣẹ́ má rò pé òun ni a ń gbèjà o. Àwọn kan wà tí wọ́n ń béèrè oṣù 3 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí ọ̀sẹ̀ 1 sì tó fún wọn láti lé e. Àwọn kan ń ti ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ mọ́ inú àpótí. Àwọn mìíràn a gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tán, wọn a ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀! Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ wa ti sọ ọ́ pé bí ó bá ti tẹ agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́, ó ti múlẹ̀, ó gbà o, kò gbà o. Abala 34 Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fàyè gba kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ sì sọ pé gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ fún gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ tí nótíìsì rẹ̀ bá parí.

Bí ẹ kò bá lè dúró pé ọjọ́, ẹ lè san owó dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ̀yin àti ọ̀gá jọ gbà láti fojú fò ó. Bí ọ̀gá bá sì ń lù yín, tàbí tí kò san owó oṣù yín, òfin mọ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè fọ́ àdéhùn lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má fi ojú ara yín nìkan wọn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wá bá ẹgbẹ́ kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ kọ ìwé yín. Kí ẹni tí ó gba ọ̀kan fọwọ́ sí èkejì, kí ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ iye ọjọ́ nótíìsì tirẹ̀, kí ó béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: láàárín oṣù 3 tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ ti fún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ẹ̀ka tí ó ń bọ̀.