Ẹ Kú Iṣẹ́ Takuntakun, Ẹ̀yin Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Ojú

Ẹ̀yin ará Olódò, ẹ̀yin ará Lágelú, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ o! Ojú gbogbo wa ló ṣe. Bàbá tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sóko ti ń dá rìn. Ìyá tí kò dá igba náírà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ti padà sídìí ọjà rẹ̀, ó ń ka owó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kàtáráàtì, àìsàn tí ń mú ojú ṣe bàìbàì, ló mú wọn lójú tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó fọ́jú, kàtáráàtì ló fọ́ ojú 43. Iṣẹ́ abẹ ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ ń ba àwọn èèyàn wa. “Ṣé wọ́n á kùn mí lóorun ni? Bí mi ò bá jí mọ́ ńkọ́?” Ìbẹ̀rù yìí ti lé ọ̀pọ̀ lọ bá àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ ti kàtáráàtì sẹ́yìn nínú ojú, ojú sì lè tibẹ̀ fọ́ pátápátá.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ribiribi àwọn tí à ń yìn wà, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1957, àti ní ilé ìwòsàn ojú Elétà. Wọn kì í fi oògùn apàrora kan ṣoṣo tọ́jú gbogbo èèyàn. Wọ́n ń fara balẹ̀, wọ́n ń bi àgbà léèrè: “Mámà, ṣé ẹ máa ń húkọ́? Ṣé ẹ lè nà gbalaja láìmira? Oògùn wo lẹ ń lò?”

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í sùn rárá nígbà iṣẹ́ abẹ. Abẹ́rẹ́ lidocaine tí ń pa ìrora ni wọ́n ń gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin ojú. Wọn á rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọn á dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ojú á fi kú tipiri. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ewu ni abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó fún un. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kú lè dáa jù. Ẹni tó ń gbọ́ràn, tó sì lè dúró jẹ́ẹ́, oògùn kíkán nìkan lè tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ṣì lè yí, tí ọwọ́ dókítà sì gbọ́dọ̀ já fáfá. Ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n ni wọ́n ń kùn lóorun.

Láti 1884 tí dókítà Karl Koller ti Vienna ti fi hàn pé omi kokéènì tí a kán sójú lè pa ìrora abẹ ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tó túbọ̀ rọrùn. Àwọn tiwa náà ò kẹ̀rẹ̀!

Ẹ wo nọ́ọ̀sì ojú ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Aṣọ ti bo mámà lójú, ẹ̀rù ń bà á, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. “Bí ikọ́ bá fẹ́ wú yín, Mámà, ẹ fún mi lọ́wọ́ pọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀.” Dókítà á dúró, mámà á húkọ́, iṣẹ́ á tún tẹ̀ síwájú. Sùúrù yìí tóbi, ó tó yìn, ó tó ṣàfihàn.

Bí ojú bàbá tàbí ìyá yín bá ń ṣe bàìbàì, ẹ tètè mú wọn lọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, ẹ sì sọ òótọ́ nípa ikọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, torí òun ni dókítà máa fi mọ oògùn apàrora tó yẹ wọ́n.